Kò sí òkè ayọnáyèéfín ní Ìdànrè o. Ẹ yéé purọ́ mọ́ òkúta

Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi lónìí, ó sì gùn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́ dìgbà tó bá ráyè.

Láti Mọ́ńdè ni fídíò kan ti ń kiri. Drone gbéra láti ìsàlẹ̀, ó fò kọjá lórí àpáta Ìdànrè, orin abẹ́ rẹ̀ ń dún gbì gbì bí ẹni pé ogun fẹ́ bẹ́. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sójú fídíò náà pé: "Òkè ayọnáyèéfín tó ń sùn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó lè jí nígbàkigbà." Èèyàn mọ́kànlá ló ti fi ránṣẹ́ sí mi. Àǹtí mi tó wà ní Peckham pè mí láàárín òru, ó ní ṣé kò ní dáa ká kó Màmá kúrò ní Àkúrẹ́ báyìí, torí Ìdànrè kò jìnnà síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo fojú fò ó. Àná ni inú wá bí mi gan-an. Ojú-ewé tó gbé fídíò yẹn jáde kéde pé àwọn fẹ́ kó èèyàn lọ gun "volcano" náà lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tètè sanwó. Ojú-ewé yìí náà ló kó èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí nínú DM. Àmọ́ mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn níbí rí, mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, torí irọ́ yìí àti ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi tó kán, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ayọnáyèéfín ná.

Akọ òkúta ni Ìdànrè. Lóòótọ́, iná ló bí akọ òkúta, ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró sí nìyẹn. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ ń kọ lu ilẹ̀ níhìn-ín tí ó sì ń kákò, ooru mú kí òkúta yọ́ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Òkúta yíyọ́ náà gòkè díẹ̀, ó dúró. Kò dé ojú ilẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ kìlómítà ilẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, abẹ́ ibẹ̀ ló ti rọra tutù, tó sì dì. Ó pẹ́ gan-an kó tó tutù tán.

Báwo la ṣe mọ̀? Ẹ lè fi ojú ara yín rí i, láìsí ẹ̀rọ kankan. Tí ẹ bá gbé omi iyọ̀ síbi kan tí ó rọra ń gbẹ fúnra rẹ̀, hóró iyọ̀ á tóbi. Tí ẹ bá fi iná gbẹ ẹ́ kíákíá, á kúná bí ìyẹ̀fun. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta yíyọ́. Tí ẹ bá dé Ìdànrè, kí ẹ tó yọ fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ohun tí ẹ dúró lé. Ẹ máa rí hóró funfun, òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó gùn bí ìka ọmọdé, tó tò sínú òkúta bí ẹ̀pà nínú gúgúrú. Òyìnbó ń pè é ní feldspar. Hóró kì í tóbi bẹ́ẹ̀ nínú òkúta tí òkè ayọnáyèéfín dà jáde tó tutù wéréwéré. Òkúta Ìdànrè fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún yín pé òun ò jáde síta rí nígbà tí òun gbóná.

Ẹ wá lè bi mí pé, tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, báwo ló ṣe dókè? Èyí ni apá tí mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe pé òkè náà fò sókè. Ilẹ̀ tó bò ó ló lọ. Òjò àti oòrùn jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, odò kó o lọ sókun. Ibi tí òkúta ti sán púpọ̀, omi wọ inú rẹ̀, ó rà, ó di ilẹ̀, ó lọ. Ibi tí kò sán ló kù nílẹ̀. Nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ wá kúrò, òkúta náà mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi rí rogodo. Wilhelm Bornhardt, ọmọ Jámánì tó rìn kiri ìlà-oòrùn Áfíríkà, ló fún irú òkè báyìí ní orúkọ inselberg ní 1900, ìyẹn ni òkè tó dà bí erékùṣù, torí pé ó dá dúró láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ilẹ̀ láàárín omi.

Nítorí náà, Àǹtí mi, kí Màmá jókòó sí Àkúrẹ́ wọn. Kò sí ohun tó ń sùn níbẹ̀ tó fẹ́ jí.

Mo mọ bí ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín ṣe rí, mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àgùnbánirọ̀ ni mí ní Plateau, ní Mangu. Ní Kerang níbẹ̀, àwọn òkè kan wà tí iná bí lóòótọ́, tí wọ́n ti kú tipẹ́. Omi inú ike tí wọ́n ń pè ní Swan, Kerang ni orísun rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi sí mú mi gun ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé kan, ní àárín oko ọ̀dùnkún òyìnbó. Ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òkúta dúdú ló wà káàkiri, àwọn àgbẹ̀ ṣà á jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e súnmọ́ ojú. Kò sí hóró kankan, ó kúná bí ẹ̀kọ dúdú. Ihò wínníwínní wà lára ẹ̀ bí ti búrẹ́dì, ibi tí atẹ́gùn ti bá òkúta yíyọ́ jáde kó tó dì. Ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, ọ̀dùnkún ń ta dáadáa níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi drone ya Kerang. Ó kéré, kò sì dẹ́rù bani.

Èyí tó ṣì ń bínú gan-an ni Òkè Kamẹrúùnù, ẹ̀gbẹ́ Buea, ó ga ju 4,000 mítà lọ. Ó tu iná ní 1999, ó tu ú ní 2000, ó tún tu ú ní 2012. Ti 1999 yẹn, òkúta yíyọ́ ṣàn sọ̀kalẹ̀, ó gé ọ̀nà ọkọ̀ tó wà láàárín Limbe àti Idenau. Èmi ò tíì débẹ̀. Owó ló kù, ẹ bá mi gbàdúrà. Àmọ́ ẹ rí i pé òkè tó bá jẹ́ ayọnáyèéfín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń méfò. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìdànrè, sí ọjọ́ tí mo sọ yẹn.

Oṣù Òkìtóbà ni, òjò ò tíì lọ. ₦35,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a pé ogójì àti méjì nínú bọ́ọ̀sì méjì. Wọ́n ní aago márùn-ún ìdájí la máa kúrò ní Ìbàdàn. Aago mẹ́jọ kọjá ká tó kúrò, torí oníkámẹ́rà wọn ò tíì dé. Nígbà tá a máa fi dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ti ń lọ sí aago kan ọ̀sán. Kò sí ẹni tó sọ irú bàtà tó yẹ ká wọ̀. Nínú ìkéde wọn, aṣọ tó máa "pop" nínú fọ́tò ni wọ́n sọ. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Títí, wọ bàtà rọ́bà funfun torí ó bá aṣọ ẹ̀ mu.

Ní ẹsẹ̀ òkè, àwọn afinimọ̀nà wá bá wa, ọmọ ìlú ni wọ́n. Bàbá kan wà láàárín wọn, irun orí wọn ti funfun, wọ́n kí wa dáadáa. Ọ̀gá ìrìn wa dá wọn lóhùn pé a ò nílò yín, mo ti wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá yíjú sí wa: "Owó lásán ni wọ́n ń wá." Ó sọ ọ́ létí bàbá náà. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí pé mi ò sọ̀rọ̀.

A gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní 660 ni, àwọn kan ní ó lé. Mo kà á dé igba ó lé díẹ̀, mo ṣìnà, mo jọ̀wọ́ ẹ̀. A dé ìlú àtijọ́ lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó kó sọ̀kalẹ̀ ní 1928. Ààfin wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ ronú sí i: àwọn èèyàn ń ru iṣu, ru omi, pọn ọmọ gòkè òkúta yìí lójoojúmọ́ ayé wọn, kò sí ẹni tó ṣe àtẹ̀gùn oníkọnkéré fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa níbẹ̀. Wọ́n ní oòrùn máa wọ̀, pé "shot" tó ṣe pàtàkì wà níwájú, lórí àpáta gbalasa.

Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀. Kò tó kéèyàn ṣí agbòòrùn. Lórí àpáta náà, ilà dúdú dúdú wà tó ti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni da epo sílẹ̀. Ọ̀gá ní kí Títí lọ dúró síbẹ̀, pé funfun aṣọ ẹ̀ á yọ lára dúdú. Títí gbé ẹsẹ̀ kejì, mo rí i tó lọ. Kò ké. Ohùn bàtà rọ́bà lára òkúta ni mo gbọ́, ó lọ bíi mítà mẹ́rin kó tó fi ẹsẹ̀ gbá ibi tó yọ síta. Ká ní ibẹ̀ ò yọ síta ni, mi ò ní máa kọ ìwé àwàdà nípa Àǹtí mi sínú thread yìí.

Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ kán ní ibi méjì.

Ọ̀gá wo ó, ó wo aago. Ó ní kí èmi àti ẹnì kan bá a jókòó, kí àwọn yòókù lọ ya fọ́tò kí ìmọ́lẹ̀ má bàa lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Mo sáré padà sí ẹsẹ̀ òkè, àtẹ̀gùn yẹn gbogbo, ọkàn mi ń lù kìkìkì, mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá tí wọ́n lé. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n pe ọmọkùnrin mẹ́ta, wọ́n mú àga kan àti aṣọ òfì. Wọ́n gbé Títí sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹn láàárín òkùnkùn, wọ́n ń fi ohùn kékeré ka ìgbésẹ̀ fún ara wọn. Nígbà tí mo fẹ́ fún wọn lówó, bàbá ní, "Ọmọ mi, lọ fi wọ mọ́tò dé ọsibítù."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú-ewé náà gbé fọ́tò síta. Wọ́n ní ọjọ́ náà dùn bí oyin.

Mo padà lọ ní Féfúrárì, èmi nìkan, mo mú iṣu àti owó lọ fún bàbá. Wọ́n gba iṣu, wọ́n ní ká jọ rìn. Aago mẹ́fà àárọ̀ la gbéra, wákàtí mẹ́jọ la lò, a ò sì rìn jìnnà tó ibi tí wọ́n kó wa sáré dé lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Wọ́n tọ́ka sí ilà dúdú. Wọ́n ní, "Ọ̀nà omi nìyẹn. Ohun kan ń hù síbẹ̀, ó tín-ín-rín débi pé o ò lè fi ọwọ́ mú un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, dúdú lásán ni. Òjò kan ṣoṣo, ó di ọbẹ̀ ilá. Ẹni tí wọ́n bí síbí kì í tẹ̀ ẹ́." Ìyẹn nìkan ṣoṣo ni Títí ì bá gbọ́. Gbólóhùn kan.

Wọ́n gba ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ níbì kan, ó dún kì, ohùn òkúta tó dì. Wọ́n rìn síwájú, wọ́n tún gba ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dún bí ìlẹ̀kùn pákó. Wọ́n ní kí n yà fún un. Àlùbọ́sà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn: ìpele òkè ti ya kúrò lára ti ìsàlẹ̀, òfìfo wà láàárín wọn. Bàbá ò ka ìwé nípa bí òkúta ṣe ń bó, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ka ìwé náà ò lè fi etí mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ volcano rí. Wọ́n ní, "Èwo ni ìyẹn?" Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo mọ ohun tí àwọn kan á wá kọ sábẹ́ thread yìí: pé ìmọ̀ òyìnbó ni mo fẹ́ fi ba àṣà jẹ́. Rárá o. Kò sí àgbà Ìdànrè kan tó sọ fún mi pé òkè wọn jẹ́ ayọnáyèéfín. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni Orósùn, òrìṣà orí òkè. Wọ́n fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn mí lára òkúta, wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ló bá a mu, mo ki ẹsẹ̀ tèmi bọ̀ ọ́, ó bá a mu, mo dúpẹ́. Ìtàn wọn nìyẹn, wọ́n ní i, wọ́n mọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ìtàn volcano ò ní baba. Ẹnì kan jókòó sídìí fóònù, ó wá ọ̀rọ̀ tó máa mú kí àtàǹpàkò èèyàn dúró, ó sì kọ ọ́.

Ohun kan náà ló ṣe wá ní Àdó-Àwáyè, ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹ́yìn. Ẹ ti rí i, àbí? "Adágún Ìyákẹ́, ọ̀kan nínú adágún orí òkúta méjì péré tó wà lágbàáyé, ìkejì wà ní Colorado." Èmi náà ti pín in rí, mo jẹ̀bi. Ta ló kà á? Ta ló gun gbogbo òkúta ayé tó rí i pé méjì péré ni? Hanging Lake ti Colorado tí wọ́n fi ń wé e, odò ló ń ṣàn wọ inú ẹ̀, òkúta ẹfun tí omi gbé wá ló sì dì yí etí rẹ̀ ká, bí ẹfun ṣe ń dì sídìí kẹ́tùlù. Ìyákẹ́ jókòó sínú kòtò lórí akọ òkúta. Bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá wọn ò bára mu rárá. Kòtò tó ń gba omi òjò dúró sì pọ̀ lórí irú òkè báyìí kárí ayé, ó pọ̀ ní Ìdànrè náà, ó kàn jẹ́ pé ti Ìyákẹ́ tóbi, ó sì ní ọ̀wọ̀ ìlú lórí. Ọ̀wọ̀ yẹn ni tiwa. Ẹ tún mọ ohun tó dùn mí? Ní Colorado yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó gòkè, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwa fi tiwa wé tiwọn nínú caption, a wá da ike omi sétí tiwa.

Bẹ́ẹ̀ ibì kan wà lórí àpáta Àdó-Àwáyè kan náà tí àwọn baba wa sọ ní Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run. Ọ̀nà tóóró ni. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ìkìlọ̀ ni, ó sì ṣe kedere ju pátákó ìjọba lọ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ń rìn níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn padà sílé láàyè. Orúkọ tí a ń fún òkè lóde òní, kí èèyàn lè sanwó ni.

Àti pé tí "ọ̀kan ṣoṣo lágbàáyé" ni ẹ ń wá, mo ní i fún yín. Tòótọ́ ni.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Perret's toad. Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti rí i rí ní gbogbo ayé. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ò rí i mọ́, ìgbà tó di 2014 ni ìwádìí jáde pé wọ́n ti tún rí i. Ẹ sì gbọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Légbénlégbé tí gbogbo wa mọ̀, inú adágún omi ló ń wẹ̀. Ti ọ̀pọ̀lọ́ yìí, ara òkúta tó tutù ló ti ń dàgbà, nínú omi tín-ín-rín tó ń ṣàn lórí akọ òkúta. Ọ̀nà omi. Ilà dúdú tí wọ́n ní kí Títí lọ dúró lé.

Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta ní Júùnù nítorí ẹ̀. Bàbá mú mi dé etí ibì kan, a ò tẹ̀ ẹ́, a dọ̀bálẹ̀ lórí ibi gbígbẹ. Nǹkan kéékèèké dúdú ń mira lórí òkúta nínú omi tí kò jin tó èékánná. Mi ò lè búra pé irú ẹ̀ gan-an ni, èmi kì í ṣe onímọ̀. Àmọ́ mo wo ó fún bí wákàtí kan, mi ò rántí fóònù. Bàbá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ohùn wọn máa ń pọ̀ lálẹ́ òjò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bíi mítà mẹ́wàá, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ara ẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀. Ọ̀dà náà ṣàn sínú ọ̀nà omi.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, content lásán ni, ẹ má mú un le. Tí a ò bá pọ́n ọn, ta ló máa wá? Ìlú ò ní rówó." Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. ₦35,000 lọ́nà méjìlélógójì jẹ́ ₦1,470,000. Yàtọ̀ sí owó ẹnu ọ̀nà, kí ló kan ìlú níbẹ̀? Wọn ò gba afinimọ̀nà. Ìrẹsì inú ike tí a jẹ, Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá. Àga tí wọ́n fi gbé Títí, ti bàbá ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan yẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo san owó káfíńtà. Irọ́ yẹn ò mówó wá fún Ìdànrè. Òun gan-an ló jẹ́ kó rọrùn láti yọ Ìdànrè kúrò nínú owó náà, torí tí ohun tí ẹ ń tà bá jẹ́ caption, ẹ ò nílò ẹni tó mọ òkúta.

Ní 2007, Nàìjíríà kọ orúkọ Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbé yẹ̀ wò. Wọn ò nílò volcano kí wọ́n tó ṣe ìyẹn. Ìlú kan lórí akọ òkúta ti tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó fún ti oṣù tó ń bọ̀: ẹ gba owó yín padà tó bá ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ, àmọ́ ẹ wọ kànfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀. Ẹ gba afinimọ̀nà fúnra yín ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ bá a sọ̀rọ̀ iye kí ẹ tó gbéra, ẹ má ná an bí ẹni ná tòmátì. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín pariwo. Ẹ má tẹ ilà dúdú. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ lọ dúró lé e torí fọ́tò, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ dúró lé e.

Títí ń rìn báyìí, ó ń tiro díẹ̀ tí òtútù bá mú. Ó ní kí n sọ fún yín pé bàtà funfun yẹn ṣì wà, pé òun fẹ́ tà á.

Àfikún: Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ojú-ewé náà láàárọ̀ yìí kí n tó gbé e síta, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí caption yẹn padà. Wọ́n ka á, wọ́n dínà mi. Mo lo fóònù àbúrò mi láti wò ó. Fídíò ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi kún un pé ààyè mẹ́fà ló kù.